Ta Ni Oníbàárà Ayàwòrán Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí, mo ní ilé fọ́tò kékeré kan ní Pánsẹ́kẹ́, níhìn-ín l'Abẹ́òkúta. Ìgbéyàwó àti ìsìnkú ni mo ń yà jù. Mo gbọ́ pé ẹ ti fìgbà kan ṣe ayàwòrán nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ábùjá, irú iṣẹ́ yẹn ló sì wù mí. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni iṣẹ́ náà jẹ́ gan-an? Kí ló yẹ kí n kọ́ kún èyí tí mo mọ̀? Kí ni kí n sì ṣe bí aṣòfin kan bá ní kí n pa fọ́tò òun rẹ́?"

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ìbéèrè mẹ́ta ni o bi mí, ṣùgbọ́n ìdáhùn kan ló wà nídìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n ó sì kọ́kọ́ sọ ọ́ kí n tó tú u palẹ̀. Níbi ìgbéyàwó tí o ń lọ ní gbogbo Sátidé, ẹni tí o ń yà ni oníbàárà rẹ. Òun ló san owó, òun ló ni fọ́tò, bí ó bá sì ní ikùn òun yọ jù nínú ọ̀kan, wàá bá a fi kọ̀ǹpútà fà á wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì ní bá ọ wí. Nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ẹni tí o ń yà kì í ṣe oníbàárà rẹ. Ilé fúnra rẹ̀ ni oníbàárà, pẹ̀lú ará ìlú tó ni ilé náà, àti àwọn ọmọ tí a kò tíì bí, tí wọn yóò fẹ́ mọ ẹni tó wà níjòókòó lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe òfin tó dé bá wọn láyé. Mo ti rí ayàwòrán tó mọ kámẹ́rà dunjú tí iṣẹ́ yìí kò bá a lára mu rárá, nítorí pé kò lè gba ọ̀rọ̀ yìí kan ṣoṣo sọ́kàn.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ náà ṣe pọ̀ tó. Aṣòfin 109 ló wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, 360 ló wà nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 469. Ìpínlẹ̀ Ògùn wa ní mẹ́ta nínú ti àkọ́kọ́ àti mẹ́sàn-án nínú ti ìkejì. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 sọ pé ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jókòó fún ọjọ́ tí kò dín ní 181 lọ́dún. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ni ìjókòó gbogbogbò sábà máa ń wáyé; àwọn ọjọ́ yòókù wà fún àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké, fún àlejò, àti fún ìpàdé tí ará ìlú ti ń wá sọ èrò wọn lórí àbá òfin. Bí o bá ya 400 fọ́tò péré ní ọjọ́ ìjókòó kọ̀ọ̀kan, ohun tí yóò wà lọ́wọ́ rẹ lópin ọdún á lé ní 72,000. Nítorí náà, yíyà fọ́tò jẹ́ apá tó kéré nínú iṣẹ́ náà. Yíyàn, kíkọ orúkọ sí i àti fífi pa mọ́ ló kó èyí tó pọ̀ jù.

Ó ṣeé ṣe kí o bi mí pé kí ni ilé ń fi ayàwòrán tirẹ̀ ṣe nígbà tí oníròyìn kún ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn ilé aṣòfin káàkiri ayé fi kọ̀ kí kámẹ́rà wọ inú wọn. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1963, lọ́jọ́ tí wọ́n dìbò lórí àdéhùn láti fòpin sí púpọ̀ nínú ìdánwò bọ́ǹbù átọ́míìkì, ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà wọn tó fọwọ́ sí i fún ìgbà àkọ́kọ́ pé kí a ya àwọn níjòókòó. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n wọ ilé àwọn Lọ́ọ̀dù, ìyẹn ilé aṣòfin àgbà wọn, ní ọdún 1985, kò sì wọ ilé àwọn Kọ́mọ́ǹsì, ilé àwọn aṣojú tí ará ìlú dìbò yàn, títí di oṣù Kọkànlá ọdún 1989. Ìlànà tí wọ́n gbé lé e lórí ni pé bí rúkèrúdò bá bẹ́ sílẹ̀, kí kámẹ́rà yí sí ọ̀dọ̀ Abẹnugan, kí ó má ṣe tẹjú mọ́ àwọn tó ń jà. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé ẹni tó bá gbé kámẹ́rà dání ni yóò pinnu ojú tí ará ìlú fi máa wo àwọn. Ayàwòrán ilé ni ẹni tó lè wà nínú ilé láìsí ìfura: ó wà lábẹ́ ìlànà ilé, ó mọ ibi tí a kì í dé, kò sì ṣiṣẹ́ fún ìwé ìròyìn kankan. Nígbà tí àríyànjiyàn lórí bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa kúrò nínú àjọ ilẹ̀ Yúróòpù gbóná ní ọdún 2019, púpọ̀ nínú fọ́tò inú ilé àwọn Kọ́mọ́ǹsì tí ìwé ìròyìn gbé jáde, orúkọ Jessica Taylor, ayàwòrán ilé náà, ló wà lábẹ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kí o fi ṣe àwòkọ́ṣe ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Benjamin Stone ni orúkọ rẹ̀. Aṣòfin ni òun fúnra rẹ̀, ó ń ṣojú apá kan ìlú Birmingham láti ọdún 1895, kámẹ́rà kì í sì í jìnnà sí ọwọ́ rẹ̀. Ó máa ń pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde sí gbàgede tó wà lẹ́bàá odò Thames, níta ilé aṣòfin, á sì yà wọ́n níbẹ̀. Kò fi mọ sí ọ̀dọ̀ wọn: ó ya ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ilé, ó ya àwọn aṣọ́nà, ó ya àlejò tó ti òkèèrè wá. Ọdún 1914 ni ó kú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilé yẹn ṣe rí láyé ìgbà náà, ọ̀dọ̀ fọ́tò rẹ̀ ló ń lọ títí di òní, nítorí pé ó mọ̀ pé aṣọ́nà náà jẹ́ ara ilé.

Nísinsin yìí, ohun tó yẹ kí o kọ́. Ìlànà ilé ni kí o kọ́kọ́ kọ́, kí o tó ronú kan lẹ́ǹsì tuntun. N ó sọ àṣìṣe tèmi fún ọ. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ náà, wọ́n ń gbé àbá òfin kan yẹ̀ wò, àwọn aṣòfin dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" lóhùn kan, òòlù dún, mo sì rí fọ́tò tó dára yà. Mo kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ilé ti fọwọ́ sí àbá òfin náà. Kò pẹ́ tí ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé àgbà fi pè mí. Ó nàka sí ọ̀pá àṣẹ nínú fọ́tò mi, ó ní, "Níbo ni èyí wà?" Mo ní ó wà nísàlẹ̀ tábìlì. Ó ní, "O rí i, o sì kọ ohun tí o kọ?" N kò mọ ohun tí ó ń bi mí. Òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá là mí lóye. Bí gbogbo ilé bá sọ ara rẹ̀ di ìgbìmọ̀ láti yẹ àbá òfin wò ní abala kọ̀ọ̀kan, a máa ń gbé ọ̀pá àṣẹ kúrò ní ààyè rẹ̀ lókè sí ààyè ìsàlẹ̀, ẹni tó ń darí ìjókòó á sì sọ̀ kalẹ̀ láti orí àga ńlá wá sí ìdí tábìlì àwọn akọ̀wé. Ohun tí wọ́n bá fohùn sí nígbà yẹn kò tíì di ìpinnu ilé. Ó dìgbà tí wọ́n bá padà sí ìjókòó, tí ọ̀pá àṣẹ padà sókè, tí a sì ka àbá náà nígbà kẹta. Òótọ́ ni fọ́tò mi ń sọ. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ sábẹ́ rẹ̀ ló ń parọ́, ẹ̀rí irọ́ náà sì wà nínú fọ́tò kan náà fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà.

Láti ọjọ́ yẹn ni ó ti jẹ́ pé ọ̀pá àṣẹ ni ojú mi kọ́kọ́ ń wá bí mo bá ti wọlé. Òun ni àmì àṣẹ ilé, bí adé ṣe jẹ́ fún ọba. Ìdí nìyẹn tí àwọn jàǹdùkú tó ya wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 2018 fi jẹ́ pé òun ni wọ́n gbé sá lọ, kì í ṣe owó tàbí kọ̀ǹpútà. Ilé ní láti wá òmíràn kí ìjókòó tó lè máa lọ, ọjọ́ kejì sì ni ọlọ́pàá rí èyí tí wọ́n gbé. Àwọn ìlànà yòókù kò le: wọ bàtà tí kò ní ariwo, tẹríba bí o bá ń wọlé, má kọjá láàárín ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń darí ìjókòó, má sì ṣe kọ ẹ̀yìn sí àga ńlá náà.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà, nítorí pé ibẹ̀ ni òde ìgbéyàwó kò ti múra rẹ sílẹ̀. Fíláṣì tí o gbójú lé kò ní bá ọ wọlé, torí pé ó ń já ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu. Iná òrùlé nìkan ni wàá fi ṣe é. Lẹ́ǹsì tó lè là dé f/2.8, kí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ lè wọlé, ni wàá nílò, èyí tó gùn láti 70 dé 200 mílímítà fún ojú ènìyàn láti òkèèrè, àti èyí tó kúrú láti 24 dé 70 fún gbogbo yàrá. Kí o sì múra láti gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó, lọ sí 3200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìbẹ̀rù àwọn hóró kéékèèké tí yóò jáde nínú fọ́tò. Fọ́tò oníhóró tó mú ohun tó ṣẹlẹ̀ sàn ju èyí tó mọ́lẹ̀ kedere tí ohun náà ti kọjá lọ.

Ariwo kámẹ́rà náà ńkọ́? Kámẹ́rà àtijọ́ ní dígí kan nínú tó máa ń fò sókè ní gbogbo ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, nínú yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́, ó ń dún bí ẹni ń pa àtẹ́wọ́. Èyí tuntun tí wọ́n ń pè ní mirrorless kò ní dígí yẹn, ó sì lè yà láìdún rárá, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Iná mànàmáná wa ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn gílóòbù mìíràn sì ń tipa bẹ́ẹ̀ ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láìjẹ́ pé ojú wa mọ̀ ọ́n. Kámẹ́rà mọ̀ ọ́n. Bí o bá fi ipò àìdún yà ní ìwọ̀n 1/500 ìṣẹ́jú àáyá, o lè rí ìlà dúdú àti ìlà funfun tó gba ojú fọ́tò kọjá bí ojú aṣọ òfì. Sọ ọ́ kalẹ̀ sí 1/100 tàbí 1/50, ìlà náà á lọ. Bí o bá sì sọ ọ́ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ tí aṣòfin ń jù yóò di ruurúu. Ọ̀nà àbáyọ kò sí nínú kámẹ́rà mọ́, inú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló wà: kò sí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí kì í sinmi díẹ̀ lẹ́yìn gbólóhùn tó bá wúwo, kí ọ̀rọ̀ náà lè balẹ̀. Máa gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, má ṣe wo ẹnu nìkan. Nígbà tí ó bá sinmi ni kí o tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni agbádá. Kámẹ́rà kò mọ agbádá, kò sì mọ awọ wa. Ohun yòówù tí o bá kọjú rẹ̀ sí, ó gbà pé bí a bá po gbogbo rẹ̀ pọ̀, á rí bí eérú, láàárín dúdú àti funfun. Bí agbádá funfun bá gba ojú fọ́tò, ó rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó sì dín in kù. Agbádá á di eérú, ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ á di èédú. Bí ó bá jẹ́ kóòtù dúdú, á ṣe òdì kejì. Nílé ìgbìmọ̀, wàá rí agbádá funfun, babanrìgà búlúù, kóòtù dúdú àti gèlè pupa lórí ìlà ìjókòó kan ṣoṣo. Má fi ìpinnu sílẹ̀ fún kámẹ́rà: ojú ènìyàn ni kí o wọn ìmọ́lẹ̀ sí, kí o wá ṣọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ọrùn agbádá kí ó má baà sọnù sínú funfun. Máa ya RAW nígbà gbogbo, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe. Kápẹ́ẹ̀tì àti àga pẹ̀lú ń ta àwọ̀ sí ènìyàn lójú: pupa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, àwọ̀ ewé nílé aṣojú-ṣòfin. Ẹni tó bá kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sí èkejì tí kò tún àwọ̀ kámẹ́rà rẹ̀ wọ̀n pẹ̀lú káàdì aláwọ̀ eérú, àwọn aṣòfin rẹ̀ yóò dà bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Mo ń sọ èyí pẹ̀lú ìtara nítorí ohun tí mo bá láyé. Fíìmù aláwọ̀ tí wọ́n ń tà nígbà èwe wa, fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ tó tọ́ ní ibi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, ìdí sì nìyí tí àwọn òbí wa fi dà bí òjìji nínú àwọn fọ́tò wọn. Kámẹ́rà ọwọ́ rẹ lè ya ènìyàn dúdú ní dúdú, kí ojú rẹ̀, ilà rẹ̀ àti ewú rẹ̀ sì hàn. Kò sí àwáwí fún wa mọ́. Fún ìdí kan náà, fífọ ojú, dídán awọ àti pípa irorẹ́ ojú rẹ́ tí o ń ṣe ní Pánsẹ́kẹ́ kò ní ààyè níbí. Gé etí fọ́tò, tún ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ ṣe kí ó bá ohun tí ojú rẹ rí mu, kí o dúró síbẹ̀. Má ṣe fi ẹ̀rọ kankan fi ohun tí kò sí kún un, ìbáà ṣe ewé òdòdó orí tábìlì.

Orúkọ ló kàn. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ṣàpọ́n ní àpótí kan tó kún fún fíìmù dúdú-òun-funfun, fọ́tò àwọn ìpàdé ìlú àti ti ìgbìmọ̀ kánsù. Lẹ́yìn tí ó kú, obìnrin kan wá bá mi, ó ní bàbá òun ti fìgbà kan jẹ́ kánsílọ̀, òun kò sì ní fọ́tò rẹ̀ kankan, nítorí pé òun wà lọ́mọ ọwọ́ nígbà tí ó kú. A rí fọ́tò kan tí ó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀: ogún ọkùnrin ní ìlà méjì, ojú wọn mọ́lẹ̀ kedere, iṣẹ́ ọ̀gá mi tó dára gan-an. Kò sí ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀. A pe àgbà mẹ́ta tó mọ bàbá náà. Ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n nàka sí. Obìnrin náà wo àwọn ọkùnrin mẹ́ta yẹn títí, ó sì lọ láìmú fọ́tò náà dání.

Bẹ́ẹ̀ ìlú wa yìí ni Ìwé Ìròyìn ti kọ́kọ́ jáde ní èdè Yorùbá ní ọdún 1859. Kò sí fọ́tò kan nínú rẹ̀, síbẹ̀ a ṣì ń rí nǹkan kọ́ níbẹ̀, nítorí pé wọ́n kọ orúkọ, wọ́n kọ ọjọ́. Fọ́tò tí kò lórúkọ kò tó o.

Nítorí náà, lábẹ́ gbogbo fọ́tò tí ó bá ti ọwọ́ rẹ jáde, kọ orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún bí ó ṣe wà nínú ìwé ilé, agbègbè tó ń ṣojú, ọjọ́, yàrá, àbá òfin tí wọ́n wà lórí rẹ̀ àti ipele tí ó dé. Má kọ "aṣòfin láti Abẹ́òkúta", nítorí pé méjì ni wọ́n nílé aṣojú-ṣòfin: ọ̀kan ń ṣojú Gúúsù Abẹ́òkúta, èkejì ń ṣojú Àríwá Abẹ́òkúta pọ̀ mọ́ Ọbáfẹ́mi-Owódé àti Ọ̀dẹ̀dá. Inú fáìlì fọ́tò gan-an ni kí o kọ ọ́ sí, kí ọ̀rọ̀ àti àwòrán má baà pínyà bí wọ́n bá kó wọn láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. Kọ orúkọ ẹni tó ń gbé ọ̀pá àṣẹ, ti ẹni tó ń tú èdè, ti obìnrin tó ń gbálẹ̀ kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ẹ̀dà mẹ́ta wà, kí ọ̀kan nínú wọn má sì sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú méjì yòókù. Iná àti òjò kì í béèrè ipò ẹni.

Mo wá dé ìbéèrè rẹ tó le jù, ti pípa fọ́tò rẹ́. Kí n tó lọ sí Àbújá, mo ya fọ́tò níbi ayẹyẹ iléeṣẹ́ ìjọba kan tí n kò ní dárúkọ. Ọ̀gá wọn yán nínú ọ̀kan nínú wọn. Olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, ó sì pa gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà rẹ́ nítorí ọ̀kan yẹn. Lára ohun tó lọ ni fọ́tò ìyá arúgbó kan tó gba ìwé ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Ìyá náà ti ní kí n bá òun fọ̀ ọ́. Títí di òní, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí, pàápàá nítorí pé èmi ni mo na kámẹ́rà náà sí i.

Ohun tí mo kọ́ nìyí. Lo kámẹ́rà tó ń gba mẹ́mọ́rì méjì, kí ó máa kọ fọ́tò sí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí aṣòfin bá ní kí o pa fọ́tò kan rẹ́, dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ má bínú sà, fọ́tò náà kì í ṣe tèmi, ti ilé ni, ẹ jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ yín lọ bá olórí ẹ̀ka ìròyìn." Kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ó béèrè sílẹ̀. Kí o sì mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni "má gbé e jáde", ọ̀tọ̀ ni "pa á rẹ́". Ìdí pọ̀ tó fi yẹ kí fọ́tò kan má jáde: ìwé àṣírí tó ṣeé kà lórí tábìlì, ojú fóònù ẹni, ọmọdé tó wà láàárín àlejò, opó tó ń sunkún níwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀dùn rẹ̀. Ìwọ̀nyí, má yà wọ́n bí o bá lè yẹra fún wọn. Bí wọ́n bá bọ́ sínú rẹ̀, kí a tì í pa nínú àkójọ. Pípa rẹ́ ni kò sí ní ìkáwọ́ rẹ. Bí ilé bá sì wọ ìpàdé ìdákọ́ńkọ́, jáde kí wọ́n tó sọ fún ọ.

Aṣòfin tó sùn ńkọ́? Èrò tèmi ni pé kí o má ṣe ṣọdẹ rẹ̀, nítorí ìjókòó wákàtí márùn-ún lè borí ẹnikẹ́ni, kò sì sọ nǹkan kan nípa òfin tí wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí o bá ya gbogbo yàrá lákòókò ìdìbò tí ẹnìkan sì sùn níbẹ̀, fọ́tò náà gbọ́dọ̀ wà bí ó ṣe wà. Bákan náà ni ti rògbòdìyàn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 2014, nígbà tí ọlọ́pàá ti ẹnu ọ̀nà ilé aṣòfin l'Ábùjá, àwọn aṣòfin kan gun géètì wọlé, tajútajú sì ń ta gbogbo ènìyàn lójú. Kò sí aṣòfin tó fẹ́ kí ọmọ òun rí òun lórí géètì. Síbẹ̀, ara ìtàn ilé ni, bí ọjọ́ tí wọ́n búra fún wọn ṣe jẹ́. Mo mọ̀ pé ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n yàtọ̀ sí èyí, n kò sì gbà pẹ̀lú rẹ̀ fún àkójọ: ohun tí a ń fi hàn lónìí lè ní ààlà, ohun tí a ń fi pamọ́ fún ọ̀la kò gbọ́dọ̀ ní.

Ìdánwò kan tún wà tí kì í jọ ìdánwò, òun ni ojú ìlú. Láti ọdún 2007 dé 2011, ọmọ Ẹ̀gbá, Dimeji Bankole tó ṣojú Gúúsù Abẹ́òkúta, ló wà lórí àga Abẹnugan. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ nígbà tí o bá wà níbẹ̀, àwọn ará ilé yóò wọ àdìrẹ Ìtòkú wá kí i, inú rẹ yóò dùn, wàá sì fẹ́ yà wọ́n ju gbogbo ènìyàn lọ. Nítorí èyí ni mo fi máa ń ka àwọn fọ́tò mi lópin oṣù: aṣòfin wo ni n kò tíì yà rárá, ẹgbẹ́ kékeré wo ni mo fojú fò, obìnrin mélòó ló wà nínú wọn? Iye kì í ṣe ojúsàájú bí ọkàn.

Ní ti ọ̀nà tí o máa gbà débẹ̀, méjì ni. Ìkíní ni kí National Assembly Service Commission gbà ọ́ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ilé, tí wàá máa bá iṣẹ́ lọ bí àwọn aṣòfin tilẹ̀ yí padà. Ìkejì ni kí olórí ilé kan tàbí aṣòfin kan mú ọ gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn yá ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí sáà rẹ̀ bá parí ni iṣẹ́ rẹ parí, àwọn fọ́tò náà sì lè bá a lọ sílé. Bí ó bá di pé ìkejì ló ṣí sílẹ̀ fún ọ, má kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kí ó wà nínú ìwé àdéhùn pé ẹ̀dà gbogbo fọ́tò ìjókòó yóò wọ àkójọ ilé.

O kò sì ní láti lọ sí Àbújá kí o tó bẹ̀rẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wa wà ní Òkè-Mọ́sàn, aṣòfin 26 péré ló wà níbẹ̀, o lè mọ ojú àti orúkọ gbogbo wọn láàárín oṣù kan. Kọ lẹ́tà sí Akọ̀wé Ilé, béèrè àyè láti ya ìjókòó gbangba gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, kí o sì ṣèlérí nínú lẹ́tà náà pé ilé yóò gba ẹ̀dà pẹ̀lú orúkọ. Bí wọn kò bá tètè dáhùn, ìpàdé ìlú kò wọ́n ní Abẹ́òkúta. Wá èyí tí wọ́n bá ṣe ní Centenary Hall ní Aké, jókòó sẹ́yìn, pa fíláṣì, kí o má sì kúrò títí wọn yóò fi parí. Sátidé tó ń bọ̀ náà, níbi ìgbéyàwó tí wọ́n ti san owó rẹ fún ọ, fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ya àwọn tí wọn kò rán ọ sí: ẹni tó ń pín omi, alága ìdúró, onílù, àwọn àgbà tó jókòó sí ìlà ẹ̀yìn. Má lo fíláṣì, kí o sì béèrè orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan kí o tó kúrò níwájú rẹ̀. Yan mẹ́wàá nínú wọn, tẹ̀ wọ́n sórí ìwé, kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn wọn bí mo ṣe là á sílẹ̀, kí o sì kó wọn wá sí ilé fọ́tò mi ní Ìbarà. Ẹ̀yìn ni n ó kọ́kọ́ wò.